Ẹ fún afẹ́fẹ́ lọ́nà kí ẹ tó pín yàrá: ètò inú bọ́ńgálò ìdílé létí òkun Èkó

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ra ilẹ̀ láti Ìbẹ̀jú títí dé Ẹ̀pẹ́ àti lápá Bàdágírì, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ohun tí wọ́n ní kí n wá bá yín sọ ni bó ṣe yẹ kí a to yàrá nínú ilé tí kò ní òkè, ilé tí bàbá, ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà yóò jọ máa gbé, nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ bá wà nítòsí òkun. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí. Púpọ̀ nínú bọ́ńgálò tí a ń kọ́ létí òkun lónìí, bí ẹ bá gbé e lọ sí Ìlọrin tàbí Òṣogbo, kò sí ohun tí yóò yàtọ̀ lára rẹ̀. Ilé náà kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ òkun, bẹ́ẹ̀ ni kò múra sílẹ̀ dè é.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bá wá, gbogbo èyí tó kù jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀: létí òkun tiwa yìí, afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lọ́nà kí ẹ tó pín yàrá fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Etí òkun Èkó nà láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, omi sì wà ní gúúsù. Ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, láti orí omi wá. Ọ̀sán ló máa ń lágbára jù, torí ilẹ̀ á ti gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ tútù tó wà lórí òkun á wá máa wọlé. Lóru, ilẹ̀ á tutù ṣáájú omi, afẹ́fẹ́ á rọlẹ̀, nígbà mìíràn á yíjú padà, á máa fẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ilẹ̀ lọ sórí omi. Ọyẹ́ nìkan ló ń da ètò yìí rú. Àríwá ìlà oòrùn lòun ti ń wá, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ létí òkun bó ṣe ń pẹ́ lókè ọ̀hún.

Oòrùn ńkọ́? Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán gangan kì í jìnnà sí òkè orí wa, òrùlé ló ń gbà á. Èyí tó ń ki ojú bọ inú yàrá ni oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, tó wà nísàlẹ̀ lápá ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ sá fún un, ojú ilé tó gùn ni kí ẹ kọ sí gúúsù àti àríwá, kí ojú tó kúrú wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó kù. Ojú gígùn tó sá fún oòrùn yìí gan-an ló sì pàdé afẹ́fẹ́ òkun! Ní ibi púpọ̀ láyé, ayàwòrán ilé ní láti yan ọ̀kan nínú méjèèjì. Àwa kò ní ohun tí a ń yàn, wọ́n ti so ó pọ̀ fún wa. Ìdí nìyẹn tó fi ń ká mi lára nígbà tí mo bá rí ilé tó kọ̀yìn sí i.

Kí ló wá ń mú kí bọ́ńgálò wa gbóná tó bẹ́ẹ̀? Kọ́rídọ̀ àárín ni. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀n: ẹ wọlé láti iwájú, ọ̀nà tóóró kan nà lọ tààrà, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì, ó parí sí ilé ìdáná. Ilé yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn wa tó padà dé láti Brazil àti Cuba, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà, kó ọgbọ́n ilé kíkọ́ bọ̀ wá sí Èkó. Pópó Àgùdà ni wọ́n tẹ̀dó sí. Ọ̀gá bíríkìlà àti ọ̀gá káfíńtà wà láàárín wọn. João Baptista da Costa, tí a mọ̀ mọ́ iṣẹ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ ọ̀kan. Ilé tí ọ̀nà là á láàárín bẹ́ẹ̀ tàn ká Èkó, owó kòkó gbé e wọ ìgbèríko, nígbà tó sì yá, àwọn onílé ayálégbé sọ ọ́ di fésì-mi-n-fésì-ẹ, tí ẹbí kan ń gbé nínú yàrá kọ̀ọ̀kan.

Mi ò bú àwọn Àgùdà o. Àjà ilé tiwọn ga, fèrèsé onípákó wọn gùn, ó sì ń ṣí pátápátá. Ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn kọjú síra, afẹ́fẹ́ ń gba àárín kọjá fàlàlà. Ilé Ilojo Bar, ọ̀kan nínú irú ilé Àgùdà bẹ́ẹ̀, tó wà ní Tinubu Square, tí wọ́n sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ṣì wà nílẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án 2016 kí wọ́n tó wó o. Títí di òní, ó ṣì ń dùn mí, nítorí ilé bẹ́ẹ̀ ni ìwé tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ wa ìbá máa kà. Ohun tí àwa ṣe ni pé a mú kọ́rídọ̀ yẹn, a sọ àjà kalẹ̀, a fi sítọ́ọ̀ dí ẹ̀yìn rẹ̀, a fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé lójú kan ṣoṣo. Afẹ́fẹ́ kì í wọ yàrá tí kò rọ́nà jáde níbẹ̀. Ẹ lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kọ́tíìnì kò ní mì.

Kí kọ́rídọ̀ tó dé, agbo ilé la ní. Yàrá ìlà kan ṣoṣo yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú yàrá, òjò ń rọ̀ sínú àkòdì, ìyẹn àárín àgbàlá náà, omi rẹ̀ ń ṣàn gba abẹ́ ògiri jáde. Kò sí yàrá tó sápamọ́ sẹ́yìn yàrá mìíràn. Ibẹ̀ ni mo ti ń mú àwòrán tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú púlọ́ọ̀tì kan, irú èyí tí púpọ̀ nínú yín ní: ẹsẹ̀ bàtà 60 ní fífẹ̀, 120 ní gígùn, nǹkan bí mítà 18 sí 36. Ká ní títì wà ní gúúsù. Bí ẹ bá fi mítà mẹ́ta sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, mítà 12 ló kù fún fífẹ̀ ilé. Pálọ̀, yàrá mẹ́rin, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ kò lè tò ní ìlà kan lórí mítà 12. Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ti ń sáré padà sídìí kọ́rídọ̀ àárín, tí wọ́n á ki gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú àpótí kan.

Èmi máa ń là á sí ìlà méjì, tí àgbàlá á wà láàárín. Láti gúúsù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó jìn ní mítà méjì ló ṣáájú, ó gba iwájú ilé já. Ìlà iwájú tẹ̀lé e, ó jìn ní mítà márùn-ún. Àgbàlá mítà mẹ́fà tẹ̀lé ìyẹn, lẹ́yìn rẹ̀ ìlà ẹ̀yìn tó jìn ní mítà 4.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 17.5, ilẹ̀ ṣì ṣẹ́kù níwájú fún mọ́tò, ó ṣẹ́kù lẹ́yìn fún aṣọ sísá àti ewébẹ̀. Gbogbo yàrá ló ní fèrèsé ní gúúsù àti ní àríwá. Ọ̀nà tó bò lórí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ṣí sí àgbàlá, ló so ìlà méjèèjì pọ̀ lápá ìlà oòrùn, kí òjò má baà pa ọmọ tó ń lọ jẹun.

Wàhálà kan wà níbẹ̀: ìlà iwájú lè ṣíji bo ìlà ẹ̀yìn, kí ó gba afẹ́fẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, pálọ̀ ló gbọ́dọ̀ wà ní àárín gbùngbùn ìlà iwájú, kí ó sì la ojú méjèèjì, ilẹ̀kùn gbàǹgbà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn gbàǹgbà sí àgbàlá. Pálọ̀ ni ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ojú tó ń gbà jáde kò gbọdọ̀ kéré sí ojú tó ń gbà wọlé. Ẹ̀yin ìyá á sọ pé àlejò á máa wo inú àgbàlá, á rí ẹni tó ró aṣọ mọ́ àyà tó ń ṣa ẹ̀fọ́. Òótọ́ ni. Ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò tí kò ga ju èjìká lọ, tí ẹ mọ síwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pálọ̀, á dí ojú láìdí afẹ́fẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù ni ìgun méjèèjì ilé, ti ìlà oòrùn àti ti ìwọ̀ oòrùn. Àwọn tó gbọ́ pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ burú máa ń kó balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sí ìwọ̀ oòrùn, kí wọ́n lè gba ooru dúró fún yàrá. Ní àríwá orílẹ̀-èdè yìí, ó lè jẹ́ ọgbọ́n. Létí òkun, kò dáa, torí láti apá ìwọ̀ oòrùn náà ni afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀: òórùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò máa kí yín káàárọ̀. Sítọ́ọ̀, wọ́ọ̀dùróòbù, ibi ìkówèésí, ohun tí kò lóòórùn, ni kí ẹ fi sí ìgun ìwọ̀ oòrùn, kí ògiri rẹ̀ má ní ju fèrèsé kékeré kan lọ. Balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á lọ sí ìlà oòrùn. Ìjì tó ń ṣáájú òjò níbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí àsìkò òjò máa ń ti ìlà oòrùn ya wá, kò sì sí ohun tó burú bí ògiri balùwẹ̀ bá jẹ́ ẹni tó gbà á.

Ilé ìdáná wà ní igun àríwá ìlà oòrùn, níbi tí ọ̀nà tó bò náà ti pàdé ìlà ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ á gba inú ilé kọjá, á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, á sì gbé èéfín àti ata díndín lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Láwọn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ọyẹ́ bá dé, á yíjú sí yín, ẹ máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí ilé ìdáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tirẹ̀ lóde, nítorí kò sí gáàsì tó gba ẹ̀bà ìnáwó, ẹja yíyan náà sì ń fẹ́ ìta.

Yàrá ìyá àgbà ńkọ́? Òun ni ìdí tí ọ̀pọ̀ fi ń kọ́ bọ́ńgálò, síbẹ̀ yàrá tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ la máa ń fún un. Ìlà iwájú ni kí yàrá rẹ̀ wà, kí ilẹ̀kùn kan já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó lè jókòó níbẹ̀ láàárọ̀, kí ó máa rí ẹni tó ń wọlé, kí ó máa dáhùn ìkíni. Balùwẹ̀ tirẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá ìlà oòrùn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà 90, kí àga onítáyà lè kọjá bó bá di dandan, kò sì gbọdọ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti kọ. Yàrá bàbá àti ìyá á wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì pálọ̀. Àwọn ọmọ ló ni ìlà ẹ̀yìn. Ariwo wọn á parí sínú àgbàlá.

Bí títì yín bá wà ní àríwá, ẹ má yí ilé padà. Ojú títì kọ́ ni ojú afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá wà ní gúúsù, lẹ́yìn, kí ẹ sì ṣe ẹnu ọ̀nà kékeré tó dára síwájú. Bí púlọ́ọ̀tì yín bá sì gùn láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ jẹ́ olóríire: ilé ìlà kan tó gùn ju mítà 20 lọ á gba gbogbo ẹbí, ẹ kò nílò àgbàlá àárín rárá.

Ó ku fèrèsé àti òrùlé. Fèrèsé tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí irin, tí gbogbo ayé ń rà báyìí, ìdajì rẹ̀ péré ló ń ṣí. Lúfà tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, tí a ní ó ti di ti ayé àtijọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ń dín afẹ́fẹ́ kù, a kò sì lè ṣe aláìní in, nítorí náà fèrèsé ni kí ẹ mú tóbi. Ní ti òrùlé, àṣà tó gbòde ní Lẹ́kí ni ti ògiri tó yọrí sókè tó bo páànù mọ́lẹ̀, tí òrùlé kò ní etí mọ́. Ó lẹ́wà lójú àwòrán. Létí òkun, gọ́tà tí wọ́n fi pamọ́ sínú á kún fún ewé, á máa jò, ògiri tí kò ní ìbòòji á sì máa gba òjò àti oòrùn tààrà. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa. Ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn ọ̀sán máa ń fà sí gúúsù ní nǹkan bí ìwọ̀n 30 sí òkè orí wa. Etí òrùlé tó yọ ní mítà 1.2 á ṣíji bo ògiri títí dé nǹkan bí mítà méjì nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà, àríwá ló máa ń fà sí, ṣùgbọ́n kò tó ìwọ̀n 20, mítà 0.9 ti tó fún gbogbo ògiri ẹ̀yìn. Ẹ sọ fún káfíńtà kí ó fi irin de igi òrùlé mọ́ bíìmù orí ògiri, torí etí òrùlé tó gùn ni ìjì fi ń gbé e.

Iyọ̀ kò ṣeé fojú fo. Afẹ́fẹ́ tó ń tù wá lára yẹn náà ló ń gbé e wá. Páànù onísíńkì á dípẹtà kíákíá. Álúmíníọ̀mù ló ń pẹ́, kí ìṣó tàbí súkúrù irin lásán má sì kàn án. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi yanrìn òkun tí wọn kò fi omi gidi fọ̀ po kọ́ńkéré, iyọ̀ inú rẹ̀ ń jẹ irin láti inú wá, ìgbà tí ògiri bá sán ni ẹ ó tó mọ̀. Kí kọ́ńkéré bo irin ní mílímítà 40 sí 50.

Gíga ilẹ̀ inú ilé náà ń yí ètò yàrá padà. Àwọn Ìlàjẹ àti Ẹ̀gùn tó ń gbé orí omi gbé ilé wọn sórí òpó, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwa tí a wà lórí yanrìn, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ inú ilé fi ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 60 ga ju títì lọ, nítorí tí wọ́n bá wá ṣe títì náà lọ́la, á ga sí i, omi á sì wá ilé tó rẹlẹ̀ lọ. Sẹ̀ǹtímítà 60 yìí jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́rin fún ìyá àgbà. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí kò ní rẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ gùn ní ìlọ́po 12 gíga rẹ̀, ìyẹn mítà 7.2. Kò síbi tí ẹ ó rí irú gígùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ilé bá parí. Ẹ yà á sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó máa gun ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú lọ. Àgbàlá náà gbọ́dọ̀ ga ju ìta lọ, kí páìpù ńlá méjì gba abẹ́ ilé gbé omi rẹ̀ jáde. Páìpù kan kò tó, torí ọjọ́ tí ewé bá dí i ni òjò oṣù Kẹfà máa ń rọ̀.

Kànga tàbí bọ́hólù yín àti sọkawéè, ẹ fi mítà 30 sáàárín wọn. Lórí púlọ́ọ̀tì kan, ìgun sí ìgun ló lè fún yín nírú àyè bẹ́ẹ̀ jù: ọ̀kan ní igun iwájú, èkejì ní igun ẹ̀yìn tó kọjú sí i gbọọrọ. Kí ẹ tó gbẹ́ ẹ, ẹ bi aládùúgbò níbi tí tirẹ̀ wà.

Gbogbo ètò yìí dúró lórí pé ilẹ̀ náà á wà níbẹ̀. Òkun wa ń gbé yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Nígbà tí ìjọba amúnisìn mọ ògiri òkúta sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó láàárín 1908 sí 1912, yanrìn dúró lápá ìwọ̀ oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach lápá kejì. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀dó ní 1947, òkun ti gba ilé púpọ̀ níbẹ̀. Bí àwọn àgbà àdúgbò bá nawọ́ sí inú omi tí wọ́n ní ibẹ̀ ni ilé àwọn wà tẹ́lẹ̀, ẹ má rà á, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọlẹ̀ tó.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti owó. Òtítọ́ ni, ilé ìlà méjì ní ògiri àti ìpìlẹ̀ ju àpótí kan lọ, á ná yín jù ú lọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ ó gbà á padà díẹ̀díẹ̀ lórí iná àti epo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ̀rọ amúlétutù kò ní jẹ. Ṣùgbọ́n àwa kì í sábà kọ́ ilé lẹ́ẹ̀kan náà, àǹfààní ìlà méjì sì nìyẹn. Ẹ kọ́ ìlà iwájú, kí ẹ fi páànù bo ilé ìdáná fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ kó wọlé. Ìlà ẹ̀yìn lè dúró de owó fún ọdún mélòó kan láìsí pé ẹnikẹ́ni ń sùn nínú ilé tí kò parí. Kìkì pé kí ẹ ya gbogbo àwòrán tán, kí ẹ sì ri àwọn páìpù àgbàlá mọ́lẹ̀ kí ẹ tó da kọ́ńkéré ìlà iwájú, torí ẹni tó bá gbàgbé wọn yóò fọ́ ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú.